Ìkíni Tí Mo Gbé Wọ Bọ́ọ̀sì Ekiadolor

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi nílé, ẹ fún mi láàyè kí n ròyìn ohun tí mo fi ẹnu ara mi fà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dúró kí n parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe, kì í sì í ṣe ẹ̀rín.

Ẹ mọ̀ pé oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti fi mí ránṣẹ́ sí Bìní láti wá ṣe agùnbánirọ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. N kò kọjá Òrè rí kí n tó wá síbí, nítorí náà, lójú tèmi, òkè òkun ni mo wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ibi tí èèyàn ti ń jí láàárọ̀ tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, kí ló kù kó tó di òkè òkun? Òtútù nìkan ni kò sí.

Àríyànjiyàn ló gbé mi dé inú bọ́ọ̀sì. Ẹ rántí Dàpọ̀ tí a jọ jáde ní yunifásítì. Báńkì kan ló ń bá ṣiṣẹ́ níbí, GRA ló ń gbé, ó sì ti ra mọ́tò ìjàpá àlòkù kan. Láti ìgbà tó ti ra mọ́tò náà ni kò ti gbà mọ́ pé èèyàn lè fi ọ̀nà mìíràn dé ibikíbi. Ó ní ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò lè rí nǹkan kan nínú Bendel yìí, àfi ojú títì tó wà níwájú ilé rẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ẹ̀rí. Mo ní bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú, ètò tó gún régé, àti ìwọ̀nba díẹ̀ nínú èdè àwọn onílẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó láti gbé ẹnikẹ́ni lọ kí ó sì gbé e bọ̀.

Ó wò mí. "Ìwọ tí o kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀? Ta lo fẹ́ sọ èdè náà fún, àga?"

Kò parọ́. N kì í ṣe ẹlẹ́nu. Nínú èdè Bìní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Bàbá tó ni ilé tí mo háyà yàrá nínú rẹ̀ ti dàgbà. Ní àràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìyàwó ilé á máa jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní kọ́ridọ̀, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá á dáhùn, á sì máa súre. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi gan-an nìyẹn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ogójì òwúrọ̀. Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́ o, mo ń fi bírò fa ìlà sẹ́yìn ìwé kan ni. Ogójì òwúrọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ẹnì kankan tó sọ òmíràn.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ máa pè é? Ẹ kú àárọ̀ ni!

Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, èmi náà jáde sí kọ́ridọ̀, mo tẹrí ba, mo sọ ọ́. Bàbá wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá mi lóhùn. Àwọn ọmọdé fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé inú wọn dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ètò ìrìn àjò mi sórí abala ìwé kan. Ekiadolor ni mo yàn, nítorí pé ó jìnnà tó láti pa Dàpọ̀ lẹ́nu mọ́, kò sì jìnnà jù láti padà lọ́jọ́ kan náà. Aago mẹ́jọ, Ring Road. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Ekiadolor. Rìn yí ìlú ká, wo ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, jẹun. Aago mẹ́ta, ilé, níbi tí Dàpọ̀ yóò ti wá gbọ́ àbájáde. Mo bọ́ kákí agùnbánirọ̀ sílẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kí n lè dà bí ọmọ ìlú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú yìí sọ́kàn.

Bọ́ọ̀sì náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onípákó àtijọ́. Mo ti ṣe ìṣirò oòrùn kí n tó wọlé. Ibi tí à ń lọ àti ibi tí oòrùn àárọ̀ wà, mo fi wọ́n wé ara wọn, mo rí i pé apá òsì ni ìbòji máa wà. Mo yára lọ jókòó sápá òsì. Ohun tí n kò fi kún ìṣirò mi ni pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n na bẹ́ǹṣì ọkọ̀ náà sí, tí èrò ń kọjú sí ara wọn! Àwọn tó wà lápá ọ̀tún fi ẹ̀yìn gba oòrùn. Ojú ni èmi fi gbà á. Kí a tó kúrò ní Ring Road, omi ti ń jáde lójú mi.

Mo kí awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi. Ó yí ọrùn padà, ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo kí kọ̀ńdọ́ tí wọ́n ń pè ní Friday. Ó ní, "Oga, shift inside!" Mo kí ọkùnrin sísanra kan tó dojú kọ mí. Ó pòṣé, ó yíjú sí fèrèsé. Mo rò ó pé bóyá kò tíì jẹun.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé ìwé lé itan. Nígbà tí mo kùn sínú pé "oòrùn yìí mà fẹ́ fọ́ mi lójú," ó dáhùn pé, "You for sit that side now." Mo yíjú sí i. Mo bi í léèrè ní Yorùbá bóyá Yorùbá ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ará Iléṣà ni àwọn òbí òun, Bìní ni wọ́n bí òun sí, Rónkẹ́ ni orúkọ òun, òun ń kàwé ní yunifásítì, Ekosodin sì ni òun ń gbé. Gbogbo rẹ̀ ní Píjìn! Mo ń sọ Yorùbá, ó ń fi Píjìn dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Ó wá sún mọ́ mi. "Brother, who teach you that greeting?"

Mo sọ fún un pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ.

Ó ní, "E no be for everybody o. Na family get am. Every family get their own."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni Ọlọ́run ti fún mi láǹfààní. Ibí yìí gan-an ni! Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni mo ṣe? Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù pé ogójì òwúrọ̀ ni mo fi wádìí tèmi, pé ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, a kò gbọ́dọ̀ fi yí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dànù. Mo tún bi í bóyá ó ti ka iye ẹbí tó mọ ìkíni wọn.

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Okay o. Na you sabi book."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Ekosodin, ó sọ̀ kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Greet your family people for me o!"

Ibi tó dìde kò tíì tutù tí màmá àgbàlagbà kan fi jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú ẹrù tó dì sínú aṣọ. Ó ń ti ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin bọ̀. Mo rò ó wò bóyá kí n kí i tàbí kí n má kí i. Ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ ti ń jẹ mí lọ́kàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní bí iyèméjì bá wà, ó yẹ kí n tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo tẹrí ba, mo sọ ọ́.

Màmá náà yí ara padà sí mi. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ó sì bi mí ní ohun kan ní èdè Bìní. Mo mi orí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: òfin tí mo fi lé ara mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni pé ohun tí n kò bá gbọ́, kí n rọra mi orí sí i bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí nínú ìpàdé àwọn olùkọ́. Ó tún bi mí. Mo tún mi orí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo mi orí, mo wá fi ẹ̀rín músẹ́ tì í.

Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀, ó wo etí mi ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó wá fi Píjìn bi mí: "Which side you from come?"

Òtítọ́ ni mo sọ. Mo ní ìhà Òǹdó, mà. Ilé-Olújì.

Màmá figbe ta! Bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọ igbó. Friday ní, "Mama, wetin happen?"

"Na Osaro pikin be this! My husband brother pikin! E don come!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún gbogbo ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi. Osaro ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí àkọ́bí màmá yìí ń rákò ni Osaro lọ ṣiṣẹ́ kòkó ní ìhà Òǹdó, àkọ́bí náà sì ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí. Osaro ránṣẹ́ nígbà kan pé òun ti fẹ́ obìnrin Yorùbá kan lọ́hùn-ún, pé ó ti bí ọmọkùnrin fún òun. Láti ìgbà náà, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wàyí o, ọmọkùnrin kan ti ìhà Òǹdó wá, kò gbọ́ èdè Bìní, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ilé wọn láàárọ̀. Ta ló tún lè jẹ́?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ìṣirò màmá yìí dára ju tèmi lọ!

Ìgbà náà ni ohun tí Rónkẹ́ sọ wọ̀ mí lára. Nílé wa, ìkíni àárọ̀ kan náà ni a fi ń kí olówó, òun náà la fi ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìkíni lè jẹ́ ti ilé kan, bí orúkọ ṣe jẹ́ ti ilé kan. Ogójì òwúrọ̀ ni mo fi gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé kan ṣoṣo ni! Ẹ sì wo ohun tí mo gba oyè lé lórí: bí a ṣe ń yan àpẹẹrẹ kí a tó sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ènìyàn. Ẹ bá mi bẹ àwọn olùkọ́ mi kí wọ́n má gbọ́.

Inú ọkọ̀ ti di ayẹyẹ. Ọkùnrin sísanra tó pòṣé sí mi na ọwọ́ kọjá orúnkún èèyàn méjì láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "I think say you dey craze. I no know say na your papa people you dey find!"

Mo la ẹnu. Mo ní, "Mama, excuse me, please." Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oòrùn. Omi ti ń dà lójú mi láti Ring Road, ó sì ti kan àgbọ̀n mi. Màmá fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó ní kí n má sunkún mọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn awakọ̀ ní ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Friday kọ owó ọkọ̀ mi. Ó ní ti òní, ọ̀fẹ́ ni. Nínú gbogbo ètò tí mo ṣe láti fi hàn pé bọ́ọ̀sì kò wọ́n, n kò rò ó pé ó lè rọrùn tó báyìí.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lù nígbà tí a dé Ekiadolor. Mo ṣáájú ètò mi! Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo ilé tí a kọjá ló ń kígbe sí, èèyàn ń jáde, wọ́n ń tẹ̀ lé wa. Mo ń kà wọ́n lọ́kàn. Ní ilé àkọ́kọ́, bí mo bá jẹ́wọ́, màmá nìkan ni ojú máa tì. Ní ilé kẹta, èèyàn márùn-ún. Kí a tó yà sí ọ̀nà ilé wọn, ó ti di mẹ́rìnlá, mo sì ti rí i pé ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí mo fi dákẹ́, èmi ni mo ń fi kún ohun tí màmá yìí máa pàdánù.

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń lọ. Ó ní ọkọ òun wá Osaro lọ nígbà kan, kò mọ ibi tó máa gbà, ó padà. Ó ní ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síwájú ilé, tó ń gbọ́ ariwo mọ́tò lójú títì tó lọ sí Èkó. Bí mọ́tò kan bá ti dín eré, bàbá á gbé orí sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè gbọ́ irú èyí kí ó tún ráyè sọ pé ẹ forí jì mí, àṣìṣe ni?

Bàbá wà níwájú ilé lóòótọ́, lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀. Màmá sáré ṣáájú lọ sọ fún un. Bàbá gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá mi nínú afẹ́fẹ́.

Màmá ní, "Greet your papa."

Gbogbo èrò náà yí wa ká. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ó wà lẹ́nu mi, mo mọ̀ ọ́n pè dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti sọ ọ́ láàárọ̀ yẹn, àṣìṣe sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n báyìí mo ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún kò ní jẹ́ àṣìṣe mọ́, irọ́ ni yóò jẹ́.

N kò lè sọ ọ́. N kò sì mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe níwájú àgbàlagbà, àfi èyí tí bàbá mi fi kọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo nà gbọọrọ sórí erùpẹ̀ pupa pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá."

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí náà ni mo ti jẹ́wọ́. Ó rọrùn díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí èèyàn ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Mo fi Píjìn mi tí kò dán mọ́rán sọ ọ́: pé n kì í ṣe ọmọ Osaro, pé bàbá mi wà nílé, pé olùkọ́ ni, kò ṣiṣẹ́ kòkó rí, pé ọ̀dọ̀ onílé mi ni mo ti gbọ́ ìkíni náà, mo sì rò pé ti gbogbo ayé ni.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó dákẹ́. Ẹnì kan pòṣé. Nígbà tí mo gbé orí, màmá ti jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi!

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ni orúkọ onílé mi, mo sọ ọ́. Ó ní àdúgbò wo, mo sọ ọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni! Ó ní nígbà tí mo kí i bẹ́ẹ̀, kí ló sọ? Mo ní ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dáhùn.

"That man!" ni bàbá wí. "From small, na so so play!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì bá a rẹ́rìn-ín, lára wọn ni àwọn tó ti ń nu omijé.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá Osaro ni bàbá mi. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo mi orí. Kí ló dé?

Mo ní n kò gbọ́ ohun tó sọ ni.

Ó ní, "Person wey no hear go talk say e no hear."

Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní yunifásítì, wọn kò kọ́ mi ní ìyẹn.

Ó dìde, ó wọlé. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo gbọn erùpẹ̀ ara mi, mo ń wá bí mo ṣe máa kọjá láàárín èrò náà. Ni màmá bá tún jáde, ó gbé omi sínú kọ́ọ̀pù fún mi, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun méjì lórí àwo. Ó jókòó tì mí. Ó ní Ilé-Olújì tí mo wí yẹn, ṣé kòkó wà níbẹ̀? Mo ní ó wà níwájú ilé bàbá mi, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sún mọ́ mi.

"Then you fit ask."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mi orí sí ọ̀rọ̀ màmá yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà láìgbọ́ ọ yé. Ẹ sì rí wàhálà tó mú wá. N kò mi orí sí èyí. Mo la ẹnu mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, màá béèrè.

Mo yọ ètò ìrìn àjò mi lápò, mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ nípa Osaro sí. Bàbá sọ, màmá tún un ṣe, bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀, màmá ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó gbà tó wákàtí méjì. N kò rí ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan o.

Kí n tó lọ, bàbá kọ́ mi ní ìkíni tí mo lè fi kí ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé: Kóyo. Ó ní kí n fi èkejì sílẹ̀ fún wọn. Mo bi í pé báwo ni kí n wá máa kí onílé mi láàárọ̀? Ó ní bí mo ṣe kí òun gan-an ni kí n máa kí i. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ ní kọ́ridọ̀. Bàbá onílé á rẹ́rìn-ín títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àwọn ọmọdé sì ti ń tò láti wá wòran.

Bọ́ọ̀sì Friday náà ni mo tún bá pàdé nígbà tí mo ń padà. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Osaro pikin! You don see your papa?" Ó gba owó àlọ mọ́ àbọ̀.

Aago mẹ́rin kọjá nígbà tí mo délé. Dàpọ̀ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì mi tó funfun lẹ́yìn tó pupa níwájú, ó bi mí bóyá bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ tàbí bọ́ọ̀sì ló wọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi omi ojú nínú ìròyìn mi, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́, inú ń run òun.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti ń gbé orí sókè bí mọ́tò bá dín eré, ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń lọ sílé ni òun ń gba iwájú Ekiadolor kọjá. Òun kò dín eré níbẹ̀ rí.

Àwa méjèèjì kò tún mẹ́nu ba ẹni tó borí.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo wá rí kọ́? Mo ti gbé e yẹ̀ wò dáadáa, n kò sì lè fi kún ohun tí màmá sọ: bí o kò bá gbọ́, sọ pé o kò gbọ́. Bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà lájò, tí ẹ mi orí sí ohun tí kò yé yín. Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi, kó má jẹ́ èmi nìkan ni òmùgọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí fún nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní bàbá tó ní oko kòkó. Ẹ bá mi béèrè ní abúlé yín, ẹ bi àwọn àgbà. Osaro, ará Bìní, ó ga, ó dúdú, àpá iná wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ òsì, ó sì máa ń súfèé bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí òun alára kò bá sí mọ́, ọmọ rẹ̀ lè wà, yóò ti tó ẹgbẹ́ wa.

Bí ẹ bá rí ẹni tó jọ ọ́, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń kí àgbà láàárọ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ẹ má ràn án lọ́wọ́ rárá. Ẹ kàn tẹ́tí, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi bí ẹ bá ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi kọ ọ̀rọ̀ náà síbì kankan nínú ìwé yìí.

Bó bá jẹ́ òun ni, màá mọ̀. Ogójì òwúrọ̀ ni mo fi kọ́ ọ.